Ojú àti Ẹ̀yìn Sẹ́ẹ̀lì: Ìtàn láti Ara Awọ Àkèré dé Ibi Omi Iyọ̀ òun Ṣúgà

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ya sẹ́ẹ̀lì ẹranko sí ojú pátákó, òbìrìkìtì kan ni yóò yà. Yóò fi àmì kékeré kan sí àárín rẹ̀, yóò pè é ní núkílọ́ọ̀sì, yóò sì fa ìlà sára àwọn èyí tí ó kù láti kọ orúkọ wọn. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé, "Apá ibo ni sẹ́ẹ̀lì yìí kọjú sí?" Ìwé tí ó kà kò sọ ọ́, ìdánwò kò sì béèrè rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, tí a bá yọ díẹ̀ kúrò bí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ó ṣòro kí a tó rí sẹ́ẹ̀lì kan lára ènìyàn tí kò ní ibi tí ó kọjú sí àti ibi tí ó kẹ́yìn sí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti sọ ìtàn bí a ṣe mọ èyí nípa irú sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn àwọn tí wọ́n tò bí ògiri sínú ìfun, sára awọ àti sínú kíndìnrín. A lè gba ọ̀nà ti ewéko sọ ìtàn náà, nítorí Hermann Vöchting ti tẹ ìwé jáde ní Jámánì ní 1878 lórí ẹ̀ka igi wílò tí ó máa ń ta gbòǹgbò ní ìdí, tí ó sì ń yọ ọ̀mùnú ní òkè, bí a tilẹ̀ dorí rẹ̀ kodò. Àgbẹ̀ tí ó ti gbin igi ẹ̀gẹ́ rí kò ní jẹ́ kí ìyẹn ya òun lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ìfun ni a yàn, nítorí pé ọ̀nà náà gba ẹnu ọ̀nà ilé abiyamọ kọjá.

Kí á kọ́kọ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta múlẹ̀. Ìkọjúsí ni a ó máa pe ohun-ìní yìí, pé apá kan sẹ́ẹ̀lì kò rí bí apá kejì, kò sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Apá tí sẹ́ẹ̀lì ìfun fi kọ sí ibi tí oúnjẹ ń gbà kọjá ni a ó pè ní ojú. Èyí tí ó fi ti ẹ̀jẹ̀ ni a ó pè ní ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ibi tí ojú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kọ sí kì í ṣe inú ara rárá. Òwú tí ó gba inú ihò ìlẹ̀kẹ̀ kọjá kò sí nínú ìlẹ̀kẹ̀. Ihò lásán ni ó gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ tí a gbé mì ṣì wà ní òde ara títí sẹ́ẹ̀lì ìfun yóò fi gbà á láti ojú, tí yóò sì gbé e gba ẹ̀yìn jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ohun tí a jẹ láti ìgbà tí a ti dáyé ni ó gba ọ̀nà yìí.

Awọ àkèré

Ní àwọn ọdún 1840, Emil du Bois-Reymond ní ìlú Berlin rí i pé iná mànàmáná díẹ̀ wà láàrin òde awọ àkèré àti inú rẹ̀, àní lẹ́yìn tí a ti bó awọ náà kúrò lára ẹranko. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún àwọn ènìyàn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó mọ ohun tí iná náà wà fún.

August Krogh, ọmọ Dẹ́ńmáàkì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1920, ni ó fi àkèré sí ojú ọ̀nà padà. Ó fi hàn ní àwọn ọdún 1930 pé bí a bá jẹ́ kí ebi iyọ̀ pa àkèré, yóò máa fi awọ rẹ̀ fa iyọ̀ láti inú omi tí iyọ̀ inú rẹ̀ kéré jọjọ, títí tí yóò fi rí èyí tí ó tó o lò. Èyí kò bá ohun tí a mọ̀ mu. Iyọ̀ a máa ti ibi tí ó pọ̀ sí lọ sí ibi tí ó kéré sí. Kí ni ó wá ń gbé e gun òkè?

Hans Ussing, tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Copenhagen kan náà, ni ó gba ìbéèrè yìí. Ohun èlò tí ó ṣe kò díjú. Ó na awọ àkèré sí àárín bí aṣọ ìkélé, ó wá da omi oníyọ̀ sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Omi kan náà ni, iyọ̀ kan náà ni, ọgbọọgba. Ó fi wáyà àti bátìrì pa iná tí awọ náà ń ṣe, kí ó má baà sí ohunkóhun láti òde tí yóò máa ti iyọ̀ lọ sí apá kan ju apá kejì lọ. Lẹ́yìn náà ó fi irú sódíọ̀mù tí ẹ̀rọ lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ sínú omi náà, ó sì ń kà á. Bí awọ bá jẹ́ asẹ́ lásán, iye tí ó ń lọ yóò bá iye tí ó ń bọ̀ dọ́gba. Wọn kò dọ́gba. Sódíọ̀mù ń ti òde wọ inú lọ láìdáwọ́dúró. Ní 1951, òun àti Karl Zerahn fi hàn pé iye sódíọ̀mù tí ó ń kọjá bá iye iná tí ó ń ṣàn mu régí. Ohun tí du Bois-Reymond rí ní Berlin ti ní ìtumọ̀ wàyí: iyọ̀ tí awọ ń gbé ni ó ń ṣe iná náà.

Ṣùgbọ́n báwo ni awọ ṣe mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà tí omi ọ̀tún àti ti òsì jẹ́ ọ̀kan? Èyí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀, nítorí pé a ti mú gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà ní òde kúrò. Ìyàtọ̀ tí ó ṣẹ́kù, inú sẹ́ẹ̀lì ni ó ní láti wà. Ní 1958, Ussing pẹ̀lú obìnrin onímọ̀ kan, Valborg Koefoed-Johnsen, dáhùn. Wọ́n ní ẹ̀yà méjì ni awọ ara sẹ́ẹ̀lì náà ní. Ojú rẹ̀ ń gba sódíọ̀mù wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbà á wọlé, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù wà níbẹ̀ tí ó ń tì í jáde, tí ó sì ń gba pòtáṣíọ̀mù wọlé dípò rẹ̀. Ní ọdún tí ó ṣáájú, Jens Skou, ọmọ Dẹ́ńmáàkì bíi tiwọn, ti rí ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ pọ́ǹpù yìí nínú iṣan ara akàn. Skou gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1997. Ussing kò gbà á rí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé ṣe àkàwé. Ká ní ilé kan ní ìlẹ̀kùn iwájú tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí géńdé kan sì dúró sí ẹ̀yìnkùlé tí ó ń ti ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé jáde sí ẹ̀yìn. Ẹni tí ó gba iwájú wọlé, ẹ̀yìn ni yóò bá yọ. Kí á wá fi géńdé bíi tirẹ̀ sí iwájú náà, kí á sì ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀ bí iwájú. Àwọn kan yóò wọlé níhìn-ín, wọn yóò tì wọ́n jáde níhìn-ín. Àwọn kan yóò wọlé lọ́hùn-ún, wọn yóò tì wọ́n jáde lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ pọ̀, agbára ń tán, kò sì sí ẹni tí ó kúrò níbi tí ó wà. Géńdé kò yí padà, ìlẹ̀kùn kò yí padà. Ibi tí a fi wọ́n sí ni ó yí padà. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ìkọjúsí lè ní gbogbo ohun tí ìwé kà sílẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ní, kí ó má sì lè gbé ẹyọ iyọ̀ kan láti ìhín dé ọ̀hún.

Ó ku ohun kan. Bí omi ṣúgà òun omi iyọ̀ ṣe ń wọ ìfun ni Robert Crane, ọmọ Amẹ́ríkà, ń wá kiri. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, níbi àpérò kan ní ìlú Prague, ó gbé àwòrán kan kalẹ̀. Ní ojú sẹ́ẹ̀lì ìfun, ìlẹ̀kùn kan wà tí gúlúkóòsì àti sódíọ̀mù jọ ń gbà wọlé. Ọ̀kan kì í dá wọlé kí èkejì dúró síta. Pọ́ǹpù tí ó wà ní ẹ̀yìn ń kó sódíọ̀mù jáde, nítorí náà inú sẹ́ẹ̀lì kì í kún, sódíọ̀mù mìíràn a sì tún fẹ́ wọlé, a sì tún mú gúlúkóòsì dání. Ibi tí iyọ̀ òun ṣúgà bá sì lọ, omi yóò tẹ̀ lé wọn. Èrò yìí jáde níbi àpérò, láàrin àwọn onímọ̀ bíi tiwa yìí. Kò sí ẹni tí ó mẹ́nu kan aláìsàn níbẹ̀ pé òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀.

Onígbáméjì

Àwọn bàbá wa pe kọ́lẹ́rà ní onígbáméjì, igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Orúkọ náà ṣe rẹ́gí: omi ara ni ó ń pa ènìyàn bí ó bá ti ń jáde, kì í ṣe ibà, kì í ṣe egbò. Ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ lówùúrọ̀ lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣègùn tí wọ́n ṣí inú òkú aláìsàn kọ́lẹ́rà rí i pé ara ìfun ti ṣí, ògiri sẹ́ẹ̀lì ti re bọ́. Rudolf Virchow, tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì nígbà náà, gbà pé àrùn ni ó bó o. Èrò yìí pẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn, ìpalára rẹ̀ sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ògiri bá ti wó, kí ni ànfààní à ń fún aláìsàn ní omi mu? Omi yóò kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Nítorí náà ìtọ́jú tí ó kù ni kí a fa omi sí i lára, abẹ́rẹ́ sínú iṣan, ìgò lẹ́yìn ìgò. Ìtọ́jú yìí dára, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ilé ìwòsàn, ó ń fẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ń fẹ́ omi tí kòkòrò kankan kò sí nínú rẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í sì í sábà sí níbi tí kọ́lẹ́rà máa ń yà sí.

Àwọn méjì ni wọ́n bi èrò náà wó, láàrin ọdún kan síra wọn. Ní 1959, Sambhu Nath De ní Calcutta fi hàn nínú ìfun ehoro pé kì í ṣe bakitéríà kọ́lẹ́rà fúnra rẹ̀ ni ó ń fa omi jáde bí kò ṣe oró tí ó ń tú sílẹ̀. Omi tí a sẹ́ bakitéríà kúrò nínú rẹ̀ pátápátá ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1960, Eugene Gangarosa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bangkok gba ẹyọ kékeré lára ìfun àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣì wà láàyè, wọ́n wò ó nínú maikirosíkóòpù. Ògiri náà pé. Ohun tí Virchow gbà gbọ́ jẹ́ ìjẹrà òkú. De kò gba ẹ̀bùn kankan tí ó tó iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó kú ní 1985, ó sì dùn mí pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé bàyọ́lọ́jì kankan tí mo ti lò kọ́ni.

Ohun tí a mọ̀ nísinsìnyí ni pé oró náà ń lẹ̀ mọ́ ojú sẹ́ẹ̀lì, ó ń ṣí ìlẹ̀kùn tí kílóráìdì ń gbà jáde síbẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó tì mọ́. Omi ń tẹ̀ lé e lọ. Ó tún ń ti ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn tí iyọ̀ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn Crane. Sẹ́ẹ̀lì náà kò kú, ojú rẹ̀ ṣì jẹ́ ojú, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀yìn, géńdé ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó bá mu iyọ̀ nìkan, iyọ̀ náà kò ní rí ọ̀nà tó. Ẹni tí ó bá mu iyọ̀ pẹ̀lú ṣúgà, ọ̀nà ti là.

Kí èyí tó di ìtọ́jú, ẹ̀mí bọ́ sí i. Robert Phillips, ọ̀gágun ojú omi Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ dókítà, dán omi gúlúkóòsì òun iyọ̀ wò ní Manila ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Omi náà ki jù. Àwọn kan kú lára àwọn aláìsàn, ó sì dáwọ́ dúró. Ní 1968, ní Dhaka, àwọn dókítà Amẹ́ríkà méjì tí wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, David Nalin àti Richard Cash, pẹ̀lú Rafiqul Islam àti Abdul Majid Molla, fún àwọn aláìsàn 29 ní omi tí a wọ̀n dáadáa, wọ́n sì rí i pé iye omi tí wọ́n ní láti fà sí wọn lára dín kù ní ìdá 80 nínú 100. Wọ́n tún tọ́ka sí ohun kan tí ó jọ pé kò tó nǹkan: kí iye tí aláìsàn ń mu máa bá iye tí ó ń jáde lára rẹ̀ mu.

Ní 1971 ni ogun òmìnira Bangladesh lé àìmọye ènìyàn sá wọ Íńdíà, kọ́lẹ́rà sì bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bongaon, nítòsí ibodè, Dilip Mahalanabis bá àwọn aláìsàn lórí ilẹ̀ lásán, nínú èébì àti ìgbẹ́ ara wọn. Omi tí a ń fà sára fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó pinnu láti fún wọn ní omi mu: gúlúkóòsì gíráàmù 22, iyọ̀ ìsebẹ̀ gíráàmù 3.5 àti sódà gíráàmù 2.5 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ní Calcutta ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá, wọ́n á wá pò ó sínú àgbá ní Bongaon. Àwọn ìyá, àwọn ọkọ, àwọn àbúrò ni wọ́n ń bu ú fún àwọn ènìyàn wọn. Ó lé ní 3,000 aláìsàn tí wọ́n tọ́jú. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí 30 nínú 100 ni ó ń kú; lábẹ́ ìtọ́jú yìí, 3.6 nínú 100 ni. Àwọn ògbóǹkangí kan kò gbà á gbọ́, ọdún 1973 ni ìwé rẹ̀ tó jáde. Ní 1978, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet kọ ọ́ pé bóyá ni ìlọsíwájú kan wà nínú ìṣègùn ọ̀rúndún náà tí ó ju mímọ̀ pé ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń wọ ìfun lọ.

Ta ni ó sọ fún sẹ́ẹ̀lì?

A ó yára kọjá níhìn-ín. Omi iyọ̀ òun ṣúgà ti wà lẹ́nu àwọn ọmọdé kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Marilyn Farquhar àti George Palade ti fi maikirosíkóòpù alágbára hàn ní 1963 pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ògiri wọ̀nyí so mọ́ra wọn yíká ọrùn, ìdè kan tí kì í jẹ́ kí ohun ojú ṣàn lọ sí ẹ̀yìn. Ní 1978, Enrique Rodriguez-Boulan àti David Sabatini lo sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ajá tí wọ́n ń tọ́ nínú àwo, wọ́n sì kó fáírọ́ọ̀sì ràn án. Fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn burúkú tí a ń pè ní influenza ń gba ojú jáde. Òmíràn, tí ó máa ń ba ẹnu màlúù jẹ́, ń gba ẹ̀yìn. Ó hàn gbangba pé sẹ́ẹ̀lì ní ètò tí ó fi ń pín ẹrù: èyí lọ sí ojú, èyí lọ sí ẹ̀yìn.

Orí aràn tín-ínrín kan tí kò gùn tó mìlímítà méjì ni a ti rí àwọn tí ó ń pàṣẹ. Kenneth Kemphues àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní 1988 pé àwọn jíìnì kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá bàjẹ́, ẹyin aràn náà kò ní mọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ó bá ń pín sí méjì. Wọ́n pè wọ́n ní par. Púrótéènì wọn pín sí ọ̀wọ́ méjì tí ó ń lé ara wọn kúrò ní ilẹ̀, bí ìlú méjì tí ààlà wọn wà níbi tí agbára wọn ti dọ́gba. A ti rí àwọn ìbátan wọn nínú eṣinṣin àti nínú ènìyàn, àti nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun pàápàá.

Àwọn ọmọ kan wà tí a bí wọn láìní ètò yìí ní pípé. Láti bí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbí ni ìgbẹ́ gbuuru tí kì í dá yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí kòkòrò, kò sí oró. Bí a bá wo sẹ́ẹ̀lì ìfun wọn, irun wẹ́wẹ́ tí ó yẹ kí ó wà ní ojú ti di èyí tí a há mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì. Ní 2008 ni a mọ̀ pé jíìnì MYO5B, tí ó ń bá sẹ́ẹ̀lì kó ẹrù lọ sí ojú, ni ó bàjẹ́ lára púpọ̀ nínú wọn. Omi iyọ̀ òun ṣúgà kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Inú iṣan ni a ti ń bọ́ wọn. Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n a lè fi í wé kọ́lẹ́rà ká sì rí ohun kan. Kọ́lẹ́rà a máa gbẹ ara ènìyàn pẹ̀lú ipá, síbẹ̀ ìkọjúsí sẹ́ẹ̀lì ṣì wà, ife omi kan lè gbà á sílẹ̀.

Ìka mẹ́ta àti ìgò bíà

Apá yìí ni ó kan àwa olùkọ́ jù. Láàrin 1980 àti 1990, àjọ BRAC ní Bangladesh rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé, wọ́n dé ilé tí ó lé ní mílíọ̀nù 12. Iyọ̀ tí ìka mẹ́ta lè ṣà, ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà ìrèké aláwọ̀ ilẹ̀, omi ìwọ̀n báyìí: ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ìyá nìyẹn. Owó iṣẹ́ tí wọ́n ń san fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan dá lórí ohun tí àwọn ìyá rántí nígbà tí olùyẹ̀wò bá padà lọ lẹ́yìn rẹ̀. (Ẹ má jẹ́ kí ìjọba wa gbọ́ èyí.) Àwọn ìyá rántí dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wádìí bóyá wọ́n ń lò ó, àwọn tí ó ń lò ó kò pọ̀. Ìdí kan tí wọ́n rí ni pé àwọn olùkọ́ náà fúnra wọn kò gbà á gbọ́. Bí inú bá ń run wọ́n, oògùn mìíràn ni wọ́n ń wá. BRAC wá kó wọn lọ fi bí omi náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n, kí wọ́n tó padà sí abúlé.

Ní ilẹ̀ wa, kọ́lẹ́rà ti wọlé láti ìparí ọdún 1970, kò sì tíì lọ. Ní 2021 nìkan, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 3,000. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé, jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, omi iyọ̀ òun ṣúgà di ohun tí rédíò àti àwọn ilé àbójútó aláboyún ń kọ́ni lójoojúmọ́. Ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì ni wọ́n fi ń wọn omi, nítorí pé kò sí ilé tí a kò ti lè rí wọn. Ọgbọ́n ńlá ni. Ohun tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà ni ìdí tí ṣúgà fi wà níbẹ̀. Ìyá tí ó bá rò pé kí omi lè dùn lẹ́nu ọmọ ni, ó lè yọ ọ́ bí ṣúgà bá wọ́n. Èyí tí ó bá rò pé agbára ni ó ń fún ọmọ, ó lè bù sí i. Bí ṣúgà bá sì pọ̀ jù, yóò tún máa fa omi láti ara ọmọ wá sínú ìfun ni. Lójú tèmi, kò yẹ kí á dá ìyá lẹ́bi níbẹ̀. Ìlànà tí a kò sọ ìdí rẹ̀ rọrùn láti yí padà.

Nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹ̀ka bàyọ́lọ́jì ni ó ń kọ́ni ní sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìlera àti ti ìmójútó ilé ni ó ń kọ́ni ní omi iyọ̀ òun ṣúgà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gba máàkì gíga ní ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kò gba ohun èlò Ussing láti tún un ṣe. Ẹ fi ẹfun fa ìlà méjì sí ilẹ̀ kíláàsì, ojú níhìn-ín, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà jẹ́ iyọ̀, kí mẹ́fà jẹ́ ṣúgà, kí wọ́n máa di ara wọn lọ́wọ́ mú wọlé ní ìlà àkọ́kọ́. Kí géńdé kan dúró sí ìlà kejì tí yóò máa ti iyọ̀ jáde, kí ẹlòmíràn sì ṣí ìlẹ̀kùn fún ṣúgà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú géńdé lọ sí ìlà àkọ́kọ́, kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn fúnra wọn ni yóò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún jẹ́ kí àtúnṣe tí ó ń bọ̀ láti òde má ṣe dàbí àṣẹ lásán. Ní Dhaka ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, a rí i pé ìyẹ̀fun ìrẹsì lè gba ipò gúlúkóòsì, nítorí pé inú ìfun ni yóò ti máa tú ṣúgà rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí omi ẹ̀kọ fi yẹ ní gbígbé yẹ̀wò. Ní 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé dín iyọ̀ àti ṣúgà inú páálí tí wọ́n ń pín kù. Gúlúkóòsì tí ó jẹ́ gíráàmù 20 nínú lítà kan di 13.5, iyọ̀ ìsebẹ̀ tí ó jẹ́ 3.5 di 2.6. Bí a bá fi ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kẹ́místírì fi ń ka èérún kà wọ́n, 75 ni sódíọ̀mù, 75 ni gúlúkóòsì. Òun náà ni ó wà nínú páálí kékeré tí a ń rà ní ilé ìtajà oògùn lónìí, pẹ̀lú ìlànà pípò rẹ̀ ní ẹ̀yìn páálí.